Nọ́ńbà Méjìlélógún

Èmi ni mo ń fọ jẹ́sì fún Ẹgbẹ́ Àpáta.
Kò sí ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe lórí pápá
tí ọwọ́ mi kì í gbọ́ lọ́jọ́ Ajé.
Ẹ pa rédíò. Ẹ wá bi báàfù mi léèrè.

Oṣù Kẹsàn-án la bẹ̀rẹ̀, òjò ò tíì dáwọ́ dúró.
Ẹrẹ̀ pápá Aṣerò pupa bí epo dídì,
ó rọ̀ mọ́ orúnkún ṣòkòtò péńpé
bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú.
A na àwọn àlejò láti Ìlọrin, ẹyọ kan sí òdo.
Ọlọ́kadà gbé mi láti Kútọ̀ délé lọ́fẹ̀ẹ́
nítorí báàgì jẹ́sì tó wà léjìká mi.

Nọ́ńbà Márùn-ún, Ṣóẹ̀tán, ẹ̀jẹ̀ ni tirẹ̀.
Imú ni tàbí ètè, n kì í bèèrè.
Omi tútù ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀;
bó bá rí omi gbígbóná, ó di onílé.
Nọ́ńbà Mẹ́wàá ń run rọ́ọ̀bù.
Nọ́ńbà Méje ń ká ìwé àdúrà ìyá rẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀:
ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi omi ọṣẹ pa Sáàmù rẹ́.

Ṣùgbọ́n Nọ́ńbà Méjìlélógún,
Ṣóbándé, aṣọ́lé kejì,
bó ṣe lọ ló ṣe ń bọ̀.
Ojú ibi tí mo fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ lápá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.
Mo ń fọ òun náà. Kí ni kí n ṣe?
Mo ń rì í bọmi, mo ń sá a sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀
kí ojú má baà tì í lórí okùn.

Ọyẹ́ dé. Owó oṣù dúró
bí ọkọ̀ ojú irin tó kọṣẹ́ ní Láfẹ̀ńwá.
Alága ní ká ṣe sùúrù.
Sùúrù ò ṣe é fi ra ọṣẹ.
Mo ràwìn lọ́wọ́ Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún ní Ìjẹmọ̀
títí tó fi di pé ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà kọjá.
Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Màídúgùrì, ọjọ́ méjì lójú títì,
wọ́n jẹ góòlù mẹ́rin,
wọ́n sì fi ìbọ̀sẹ̀ bu iyanrìn wá fún mi.

Nígbà tó di oṣù Kẹta, mo lè ka èrò ìwòran:
mọ́kànlélógójì, pẹ̀lú ẹni tó ń ta gúgúrú.
Àwọn yòókù wà nílé ìwòran ní Òkè-Ìléwó,
wọ́n ń bá òyìnbó ja ìjà tí wọn ò pè wọ́n sí.

Ọjọ́ ìkẹyìn. Póìǹtì kan péré la nílò.
Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gọ́rin, aṣọ́lé àgbà di itan mú, ó jókòó.
Ṣóbándé ń bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, sípù rẹ̀ há.
Èmi ni mo bá a fà á.
Ọrùn rẹ̀ gbóná bí ẹnu ìkòkò.

N ò ní sọ fún yín pé ó fò bí àṣá.
Ó ṣubú ni.
Bọ́ọ̀lù kọlu orúnkún rẹ̀, ó kọlu òpó, ó padà bọ̀,
ó sì sùn lé e nínú ẹrẹ̀
bí adìyẹ tó sàba lé ẹyin kan ṣoṣo.
Òdo sí òdo. A ò gba ife.
Ipò kẹrìndínlógún nínú ogún: a ò ṣáà já bọ́.

Òní lọ́jọ́ Ajé. Àwọn yòókù ti ń gbẹ.
Tirẹ̀ ṣì wà nínú báàfù, n ò tíì bu omi sí i.
Òun fúnra rẹ̀ yà lówùúrọ̀, ó wá béèrè owó oṣù.
Ó wo inú báàfù.
Ó wò mí.
Mo ní, "Ọṣẹ ló tán."
Irọ́ ni. Ó mọ̀.